Bàbá Àgbà, Jípíẹ́ẹ̀sì Rẹ̀, àti Sàréè Tí A Wá Tì

Tí bàbá àgbà mi bá fẹ́ pààrọ̀ bátìrì inú jípíẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ẹ̀rọ tó fi ń mọ̀nà lójú omi, gbogbo ilé ló máa ń dákẹ́. Á tẹ́ aṣọ ìnura funfun sórí tábìlì pálọ̀, á to bátìrì tuntun mẹ́rin sí i, orí gbogbo wọn á kọjú síbì kan náà. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, èmi ni mo máa ń jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀, tí màá máa na bátìrì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan bíi nọ́ọ̀sì tó ń bá dókítà ṣiṣẹ́ abẹ. Á ní, "Bísímílà." Á ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, á yọ àwọn bátìrì tó ti kú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì, ẹ̀ta. A kò gbọdọ̀ kà kọjá ogún. Bátìrì kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ náà lọ́hùn-ún tó yẹ kó máa pa ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ mọ́ fún un nígbà tí kò bá sí bátìrì ńlá nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ti darúgbó. Bí a bá pẹ́, gbogbo ibi tí ẹ̀rọ náà ti sàmì sí látẹ̀yìn wá á parẹ́.

Lọ́jọ́ kan, bátìrì kẹta bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí lọ sábẹ́ àga. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ń fọwọ́ wá a kiri. Bàbá Àgbà kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn ń kà lọ ni. Ẹ̀tàdínlógún ló kà dé kí a tó tẹ bátìrì ọ̀hún wọlé. Nígbà tí ẹ̀rọ náà tàn padà, ó fi etí agbádá nu òógùn ojú rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Rìsíkátù, èèyàn kan wà nínú ẹ̀rọ yìí. Má jẹ̀ẹ́ kó jábọ́ lọ́wọ́ wa."

Àwọn tó wá kí wa nígbà tó kú sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni, pé ó fẹ́ràn ẹ̀rọ rẹ̀ kékeré yẹn bí ọmọ. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfẹ́ ni mo rí lójú rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Ọmọ apá Ọ̀yọ́ ni, láti ìlú tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ewúrẹ́ lè la odò tó tóbi jù níbẹ̀ kọjá kí omi má kan ikùn rẹ̀. Ó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá sí Wàrí nígbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lẹ́nu rẹ̀, ó sì wá di ẹni tó ń ta ẹ̀yà ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ní Deco Road. Àlàájì ni gbogbo ọjà ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò dé Mẹ́kà rí. Kò sí ẹ́ńjìnì tí kò mọ orúkọ nọ́ọ̀tì inú rẹ̀, síbẹ̀ kò mọ̀wẹ̀. Bó ti wá jẹ́ pé omi gan-an ni ọkàn rẹ̀ fà sí, kò sẹ́ni tó yé. Bí ọjọ́ Àìkú bá ti dé, tí ọjà wà ní títì, yóò mú ìwọ̀ àti okùn, òun àti Pa Tuoyo á wọ ọkọ̀. Wọn kì í pẹja tà. Wọ́n kàn fẹ́ jókòó sójú omi ni.

Ọmọ Ìtsẹkírì ni Pa Tuoyo, káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ṣọ́ọ̀ṣì àárọ̀ kùtù ló máa ń lọ kó tó wá pàdé Bàbá Àgbà létí omi, orin ìsìn á ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò sì dùn rárá. Bàbá Àgbà ga, ó gbẹ. Pa Tuoyo kúrú, ó sanra. Tí wọ́n bá jókòó sínú ọkọ̀ náà, iwájú á gbé sókè, ẹ̀yìn á rì.

Òyìnbó kan tó máa ń ra ẹ̀yà ẹ́ńjìnì, tí òun náà fẹ́ràn láti máa pẹja fún ìgbádùn, ló fún Bàbá Àgbà ní jípíẹ́ẹ̀sì náà nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Ẹ̀rọ àmúlọ́wọ́ ni, kò ju búlọ́ọ̀kù ọṣẹ kan lọ. Ó máa ń gba ìró láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì ojú ọ̀run, á sì sọ ibi tí o wà fún ọ. Bí o bá tẹ bọ́tìnì kan, á sàmì sí ibi tí o dúró sí. Lọ́jọ́ mìíràn, ọfà kékeré kan á máa júwe ọ̀nà ibẹ̀ fún ọ. Ó ti gbó kó tó dọ́wọ́ wa. Rọ́bà orí bọ́tìnì rẹ̀ ti bó, ó sì máa ń pẹ́ kó tó rí sátẹ́láìtì. Bàbá Àgbà á gbé e sórí fẹ́ǹsì, á jókòó tì í pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀, á máa dúró dè é. Ó sọ àwọn ibi tó sàmì sí lórúkọ: Ibi Ọ̀bọ̀kún, Ibi Tí Òjò Ti Pa Wá, Ibi Tí Tuoyo Ti Ṣubú Sómi.

Pa Tuoyo kórìíra ẹ̀rọ náà. Ìjà wọn lórí rẹ̀ kì í tán. Á ní, "Alhaji, my papa no carry anything for hand, and e dey reach where e dey go." Bàbá Àgbà á gbé jípíẹ́ẹ̀sì náà sókè bí ẹni gbé fìtílà, á dá a lóhùn ní Yorùbá, nítorí Pa Tuoyo gbọ́ ọ dáadáa: "Bàbá tìrẹ mọ odò. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ojú mi nìyí."

Ọmọ ọdún méje ni mo wà nígbà tí wàhálà Wàrí, ìjà láàárín àwọn ẹ̀yà tó ń gbé ibẹ̀, dé ẹnu ọ̀nà tiwa. Ohun tí mo rántí ni èéfín, àti ìyá àgbà mi tó ń da omi sínú gbogbo ìkòkò tó wà nílé nítorí kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí a óò tún lè jáde. Ẹ̀gbọ́n Pa Tuoyo obìnrin, arúgbó tí kò lè rìn mọ́, wà ní abúlé wọn nínú ẹsẹ̀ odò, àwọn odò tóóró tó ya wọ inú igbó. Wọ́n ní ìjà ti ń sún mọ́ ibẹ̀. Pa Tuoyo ní òun ń lọ gbé e. Bàbá Àgbà ní kò lè dá lọ. Ìyá àgbà mi di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà. Ó rọra tú ọwọ́ rẹ̀, ó ní ọ̀rẹ́ tó ń bá èèyàn jẹun lọ́jọ́ Àìkú kò gbọdọ̀ sọnù lọ́jọ́ Ajé.

Ọjọ́ kẹta ló tó padà, ẹsẹ̀ lásán, ẹrẹ̀ gbẹ mọ́ ọn lára dé ọrùn. Òun nìkan ni.

Ohun tó sọ fún wa, àti fún Ìyá Misan, ìyàwó Pa Tuoyo, nìyí. Òjò ń rọ̀, ojú omi funfun, wọn kò rí iwájú. Wọn kò tíì dé abúlé náà; wọ́n wọ ẹsẹ̀ odò kan, ìbọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti etí omi. Wọn kò rí ẹni tó ń yìn ín, wọn kò sì mọ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n jẹ́. Ọta bá Pa Tuoyo lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì lu ọkọ̀ wọn. Bàbá Àgbà gba ìdarí ẹ́ńjìnì, ó wa ọkọ̀ tó ń rì náà wọ àárín àwọn igi ẹ̀gbà etí omi, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀. Pa Tuoyo kú síbẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Bàbá Àgbà fi àjẹ̀ àti igbá ìgbọ́nmi gbẹ́ ilẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó sin ín. Kò mọ àdúrà Kìrìsìtẹ́nì kankan, ó bá ka Fátíhà fún un. Lẹ́yìn náà ó dúró síbi orí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì jípíẹ́ẹ̀sì náà. Àwọn apẹja Ìlàjẹ kan ló rí i lọ́jọ́ kejì níbi tó ti di gbòǹgbò igi mú, tí wọ́n gbé e dé ibi tó ti lè rìn wálé.

Ìyá Misan ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sunkún. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá àwọn obìnrin Yorùbá nájà, ó gbọ́ èdè wa, ó sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ahọ́n tiwọn. Ó ní, "Ṣé ẹ máa mú un wálé fún mi?" Bàbá Àgbà gbé jípíẹ́ẹ̀sì náà lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ó wà níhìn-ín. Bí ọ̀nà bá ti là, màá mú un wá."

Ọ̀nà kò là. Wàhálà kan á lọ sílẹ̀, òmíràn á dìde. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ tó gbé ìbọn gba inú odò, àwọn sójà sì gba ẹnu rẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì, ẹni tó bá mú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ti wọ gàù: àwọn tọ̀hún á ní amí ìjọba ni ọ́, àwọn tibí á ní ìwọ ló ń júwe ọ̀nà fún wọn. Nítorí náà ni Bàbá Àgbà ṣe sin jípíẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sábẹ́ nọ́ọ̀tì nínú agolo mílíìkì kan. Ó kọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń sọ ibi tí sàréè náà wà sínú ìwé kan ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń pa ẹ̀rọ náà mọ́ láàyè nílé.

Lọ́jọ́ kan tí èmi àtirẹ̀ ń bọ̀ láti Effurun, tó gbé agolo náà dání, àwọn sójà dá mọ́tò wa dúró. Ọ̀kan da agolo náà sílẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ náà. "Baba, wetin be this?" Bàbá Àgbà ní rédíò tó ti bàjẹ́ ni. Sójà náà fi sétí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó yí i lójú yí i nímú. Ó ní kí Bàbá Àgbà kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ lójú oòrùn títí òun yóò fi mọ ohun tóun ó ṣe. Ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ó kúnlẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, kò bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó rẹ sójà náà, ó ju ẹ̀rọ náà sínú iyanrìn. Bàbá Àgbà ṣà á, ó fẹ́ ẹ, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì ń tàn.

Mo ń sunkún. Mo ní, "Grandpa, why you lie? E for kill you." Ó máa ń bínú tí mo bá fi Píjìn dá a lóhùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò bínú. Ó ń nu orúnkún rẹ̀, ó ní, "Irọ́ tí mo pa fún sójà yẹn, ìyẹn kékeré ni."

Mi ò bi í léèrè èwo ni ńlá.

Iná jó ṣọ́ọ̀bù Deco Road nínú wàhálà mìíràn. Ìwé tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀ jóná mọ́ ọn. A ní kò burú, nọ́ńbà ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ tún un kọ, ó rí i pé ìdajì ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ náà ti kú, ibẹ̀ gan-an sì ni nọ́ńbà máa ń hàn sí. Òkè nìkan ló kù, níbi tí ọfà wà. Atúnrédíò kan ní Effurun sọ pé bí òun bá tú u, ohun tó wà nínú rẹ̀ lè parẹ́ kí òun tó tò ó padà. Bátìrì kan ti ṣomi sínú rẹ̀ rí, eérú funfun ti jẹ irin ibi tí bátìrì ń fara kàn, ihò tí a lè fi wáyà kọ̀ǹpútà sí náà ti dípẹtà. Ìyá àgbà mi ní kó jọ̀wọ́ ẹ̀rọ náà, kó jọ̀wọ́ òkú. Àwọn èèyàn ń sọ fún un pé fóònù ti ń júwe ọ̀nà báyìí. Ó dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan péré: "Fóònù mọ gbogbo ayé. Kò mọ ibi tí mo sin Tuoyo sí."

Ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú Pa Tuoyo kí ìbọn tó rọlẹ̀ nínú odò. Mo ti di ọmọ yunifásítì nígbà náà. Bàbá Àgbà ránṣẹ́ sí Misan, ọmọkùnrin Pa Tuoyo. Aládùúgbò wa kan tún tẹ̀lé wa, Délé, tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá láti Èkó, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwọn ilẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì. A gba ọkọ̀ kan pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀.

Èmi ni mo mú jípíẹ́ẹ̀sì náà dání. Eérú náà ti jẹ irin rẹ̀ tán débi pé bí èèyàn kò bá fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ bátìrì, yóò kú ni. Mo tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí mẹ́ta. Ìka mi kú, ó yí dúdú. Bí ọkọ̀ bá fò lórí ìgbì, ọkàn mi á fò pẹ̀lú rẹ̀. Ọfà náà ń yí, ó ń ṣàárẹ̀, ó tún ń padà. Misan kò wo ibòmíràn. Nígbà tí ọfà dé ibi tí kò tún júwe ibì kankan mọ́, Bàbá Àgbà ní kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnì.

Ẹrẹ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ ni ibẹ̀, gbòǹgbò igi ẹ̀gbà dì mọ́ra wọn bí ìka ọwọ́. Kò sí ilẹ̀ tó ga. Bàbá Àgbà wọnú ẹrẹ̀ dé itan, ó ń fi igi gún ilẹ̀. "Kì í ṣe ibí. Ilẹ̀ gbígbẹ ni mo sin ín sí." A wá a lọ́jọ́ náà. A tún padà lọ lẹ́ẹ̀mejì. A rí agolo, a rí àwọ̀n tó já, a rí bàtà ọmọdé kan. A kò rí Pa Tuoyo.

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta ni Délé sọ̀rọ̀. Ó ti ń rò ó, ó ní òun kò fẹ́ sọ ọ́ nínú ọkọ̀. Ní àwọn ọdún tí wàhálà wa bẹ̀rẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà tó ni àwọn sátẹ́láìtì náà mọ̀ọ́mọ̀ ń ba ìró wọn jẹ́ díẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ológun wọn. Ẹ̀rọ lè sọ pé ibí lo wà, kó jẹ́ pé pápá bọ́ọ̀lù kan ló wà láàárín ìwọ àti ibẹ̀. Wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n àmì tí Bàbá Àgbà ṣe ti wọlé pẹ̀lú àṣìṣe rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ apá ibi tó ṣì sí.

Bàbá Àgbà bi í pé, "Ní ọjọ́ yẹn kan náà, nígbà tí a ń lọ, ṣé ó lè fi ẹsẹ̀ odò kan hàn mí dípò èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?"

Délé ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bí wọ́n bá sún mọ́ra."

Bàbá Àgbà dìde. Ó ní kí n mú bàtà òun wá, kí gbogbo wa ká lọ sí Jeddo, níbi tí Ìyá Misan ń gbé.

Ìyá Misan ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé. Ó gbé àga fún wa. Bàbá Àgbà kò jókòó. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ síwájú obìnrin náà lórí orúnkún tó ti bàjẹ́. Ìyá Misan fò sókè. "Àlàájì, kí lẹ ń ṣe? Ẹ dìde!"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí," ó ní. "Oríta odò ni a dé nínú òjò. Ọkọ yín ní ọ̀nà òsì ni. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo na ẹ̀rọ sí i lójú, mo ní ọ̀tún ni ọfà ń júwe abúlé yín sí, mo ní ẹ̀rọ kì í purọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Alhaji, na you get eye.' Ó yà sọ́tùn-ún. A kò tíì rìn jìnnà tí ìbọn fi dún."

Ẹja ń jó lórí iná.

Délé gbìyànjú. Ó ní, "Mà, àṣìṣe ẹ̀rọ ni. Kò sí bí wọ́n ṣe lè mọ̀."

Bàbá Àgbà gbọ́wọ́ sókè sí i láìwẹ̀yìn. "Ẹ̀rọ kọ́ ló wà lórí ìjókòó yẹn. Ọmọ odò sọ̀rọ̀, èmi ọmọ òkè kò gbọ́."

Ohùn Ìyá Misan kò ga nígbà tó sọ̀rọ̀. "Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi orúkọ yín sínú àdúrà mi. Mo ń dúpẹ́ pé ẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀." Ó wọlé, a sì gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn látinú. Misan gba jípíẹ́ẹ̀sì náà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ohun tó fi í ṣe.

Nínú ọkọ̀ kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀ padà, inú ń bí mi. Mo béèrè ìdí tó fi sọ ọ́, nígbà tí kò sí ẹni tó béèrè, tí kò sì lè jí òkú. Ó ní, "Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, Rìsíkátù. Mo ti jẹ ọpẹ́ yẹn tó."

Gbogbo Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ló máa ń lọ sí Jeddo láti ìgbà náà. Á dúró lẹ́nu géètì, á kí Ìyá Misan, á kí àwọn ará ilé, á dúró díẹ̀, á padà. Wọn kì í ṣí i. Àwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sín in jẹ. Ìyá àgbà mi ní ìtìjú yìí tó. Bàbá Àgbà ní, "Ìkíni ni tèmi. Ìdáhùn ni tirẹ̀." Ọdún méjì àti ààbọ̀ ló fi ṣe é, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú tí kò lè wọ bàtà mọ́.

Ó kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lẹ́yìn ìrun Àsárì, lórí ẹní rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣí. A sin ín ní àárọ̀ ọjọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe wí. Misan kò wá. Délé bá wa gbé òkú.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, kẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú ilé wa. Ìyá Misan ló sọ̀ kalẹ̀, aṣọ dúdú lọ́rùn rẹ̀. Kò wọlé, kò gba omi. Ó ní, "Níbo lẹ sin ín sí?" Mo mú un lọ sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó ń di apá mi mú níbi tí ilẹ̀ ti gbun. Mo fi òkìtì pupa náà hàn án, pátákó kékeré tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí wà níbi orí.

Ó dúró níbẹ̀. Kò sunkún, kò gbàdúrà tí mo gbọ́. Nígbà tó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ iyẹ̀pẹ̀ náà, bí ẹni ń wò ó bóyá ó le tó. Ó ní, "Ó dáa. Òun ṣáà ní ibi tí èèyàn lè wá dúró sí."